Kì í Ṣe Ẹnu Mi Ni Ọdẹ Máa Fi Bẹ̀bẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó ti jábọ́ sínú kòtò, tí iná ti jó irùngbọ̀n rẹ̀, tí oyin ti lé e wọ odò, síbẹ̀ tí aṣọ rẹ̀ kò dọ̀tí rí. Inú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé tẹlifíṣọ̀n ló ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, lórí ìdúró, tòun ti ife omi lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ohùn sí ẹnu ọdẹ kan nínú eré àwòrán tí àwọn ọmọdé ń wò ní ìrọ̀lẹ́. Ọdẹ yìí ni ìkà inú eré náà. Kò-Níí-Bọ́ ló sọ ara rẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ aró kan ló sì ń lé kiri. Láti ìgbà tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ kò ṣe nǹkan mìíràn ju kó máa bọ́ lọ.

Bàbá Ọdẹ ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pe ọkùnrin náà. Kó tó di ọdẹ, ìkéde òkú ló ń kà lórí rédíò. Ó ní òun ti ṣe ọba lórí ìtàgé nígbà èwe òun. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹni tó ń gbé àga ọba wọlé ni.

Ohun tó kó bá a ni pé ó gba ti ọdẹ náà rò ju bó ṣe yẹ lọ. Lójú tirẹ̀, àwọn tó ya àwòrán náà kò fẹ́ràn ọdẹ, wọ́n kàn ń fi í ṣẹ̀sín ni. Gbogbo ìgbà ló ń bá olùdarí eré jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọbìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ ni olùdarí náà, àmọ́ Ọ̀gá ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

"Ọ̀gá, èèyàn wo ló máa gbẹ́ kòtò fúnra ẹ̀, tó máa fewé bò ó, tó tún máa wá gba orí ẹ̀ kọjá?"

"Bàbá, eré ọmọdé ni."

"Ọmọdé náà lójú! Ẹ má kọ́ wọn nírọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé."

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ ṣáà ké 'yéè' kẹ́ ẹ jábọ́."

Á ké "yéè," á jábọ́, á wá fi tirẹ̀ kún un lábẹ́ ẹnu: "Mo kàn fẹ́ wo bó ṣe jìn tó ni." Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á sì gé e dànù.

Ìjà gidi dé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìwé ọ̀rọ̀ apá tó gbẹ̀yìn fún un. Ó kà á délẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Kúnlẹ̀? Fún ọ̀kẹ́rẹ́?"

"Àwòrán ti kúnlẹ̀ tán, Bàbá. Orí afárá ló kúnlẹ̀ sí. Ohùn ló kù."

"Kí àwòrán máa kúnlẹ̀ lọ. Kì í ṣe ẹnu mi ni ọdẹ máa fi bẹ̀bẹ̀."

Ọ̀gá kò bá a jiyàn. Ó kàn sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé apá tuntun ń bọ̀, pé ọdẹ náà yóò máa ṣọ́nà fún ọ̀kẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, àti pé ohùn tó bá bẹ̀bẹ̀ ni yóò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà. Bó bá ti rẹ Bàbá, Òjò-Ń-Bọ̀ lè wá dán ohùn wò lọ́sàn-án ọ̀la.

Òjò-Ń-Bọ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Ọjọ́ tó bá ti ní òjò ń bọ̀ ni àwọn èèyàn máa ń sá aṣọ.

Nílé, ìyàwó Bàbá Ọdẹ, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ mi fún ọmọ tí kò mọ òjò yàtọ̀ sí oòrùn."

"Kí lẹ ṣe fún wọn?"

"Wọ́n ní kí n bẹ̀bẹ̀."

"Ẹ̀yin ni, àbí ọdẹ?"

"Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀?"

Obìnrin náà wò ó, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Ó mọ ohun tó ń dun ọkọ rẹ̀. Fún gbogbo ọdún tó fi ń ka ìkéde òkú, kò sẹ́ni tó sá tẹ̀ lé e rí. Ọdẹ ló sọ ọ́ di èèyàn. Ní báyìí, bó bá ti yọ sójú títì, àwọn ọmọ àdúgbò á bò ó: "Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín ìkà fún wa!" Á wò yíká bí ẹni pé kò fẹ́, á sì rẹ́ ẹ títí ajá á fi gbó. Bí Òjò-Ń-Bọ̀ bá gba ọdẹ, ẹ̀rín náà lọ nìyẹn.

Bàbá Ọdẹ ṣáà jí lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ète. Ilẹ̀kùn yàrá ohùn yẹn ní àrùn tirẹ̀. Ó nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì, ó máa ń fúnra rẹ̀ tì, ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i látinú sì ti já. Wọ́n kọ̀wé sókè pé kí wọ́n wá tún un ṣe. Ṣíbí ni wọ́n fi ránṣẹ́. Orí ìṣó nínú yàrá náà ni ṣíbí ọ̀hún máa ń wà, òun sì ni wọ́n ń kì bọ ihò kọ́kọ́rọ́ bí wọ́n bá fẹ́ jáde.

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹ̀rù ibi tó há máa ń ba Òjò-Ń-Bọ̀. Kì í wọ líìfìtì. Àtẹ̀gùn ló ń gùn. Gbogbo èèyàn ló tún mọ̀ pé ó máa ń tètè dé, kó lè dá nìkan tún ohùn rẹ̀ ṣe. Bí kò bá wá sí ṣíbí ńkọ́? Á pariwo títí ohùn rẹ̀ á fi há, kí Ọ̀gá tó ti ibi oúnjẹ dé.

Bàbá Ọdẹ wọlé lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ó yọ ṣíbí náà, ó fi ṣílẹ̀kùn, ó jáde, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀ lórí àga Ọ̀gá, ó sì rẹ́rìn-ín ìkà díẹ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìgbà tó fẹ́ gbé báàgì ló rántí pé awò ojú òun wà nínú yàrá. Ó padà wọlé lọ mú un.

Ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn rẹ̀, gbì.

Ó na ọwọ́ sí ìṣó. Ìṣó nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wo ìta láti ojú gíláàsì: báàgì rẹ̀ nìyẹn lórí àga, tí orí ṣíbí ń yọjú wò ó láti ẹnu rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ pàṣẹ. Ó sì halẹ̀. Fóòmù ara ògiri gbé gbogbo rẹ̀ mì. Wọn kì í tan ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀ nítorí ariwo, kò sì pẹ́ tí òógùn fi ń ṣàn wọ ojú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sídìí maíìkì.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé Ọ̀gá kì í pa ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ bó bá ń lọ jẹun. Ìgbà téèyàn bá rò pé wọn ò gbọ́ òun, ó ní ìgbà yẹn ló máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta, ẹ ṣàánú mi. Èmi ni mo dẹ pàkúté, èmi náà ni mo kó sí i. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, mi ò ní dẹ òmíràn mọ́ láyé mi. Àgbàlagbà ni mí, ẹ má jẹ́ kí n kú síbí."

Ẹnu èyí ló wà tí Òjò-Ń-Bọ̀ fi wọlé sí òdìkejì gíláàsì. Ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí. Ó gbọ́. Ó jókòó. Bàbá Ọdẹ sáré dìde, ó ń lu gíláàsì, ó ń nàka sí báàgì, ó ń di ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fọwọ́ kan àyà, ó nu ojú, ó tẹrí ba fún un láti òkèèrè, ó sì jáde lọ.

Ẹnu àtẹ̀gùn ló ti pàdé Ọ̀gá.

"Ẹ má wulẹ̀ dán ohùn mi wò mọ́. Ohun tí Bàbá ń ṣe nínú yàrá yẹn, mi ò lè ṣe é."

"Bàbá wà níbẹ̀? Ta ló wà pẹ̀lú wọn?"

"Àwọn nìkan. Wọ́n tiẹ̀ kúnlẹ̀!"

Nígbà tí Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, Bàbá Ọdẹ jáde bí ẹni tí òjò pa. Ọ̀gá wo ìṣó, ó wo báàgì, ó wo Bàbá náà.

"Bàbá, kí ni ṣíbí ń wá nínú báàgì yín?"

"Mo fẹ́ lọ fọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ kú iṣẹ́."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ohùn náà sì jáde. Bàbá Ọdẹ tẹ́tí. Ó dára. Ohun tó kọ́kọ́ bí i nínú nìyẹn, pé ó dára ju gbogbo ohun tó ti ṣe lọ.

"Ohùn yín ni," Ọ̀gá wí. "Tẹ́ ẹ bá ní kí n pa á rẹ́, màá pa á rẹ́. Màá sì pe Òjò-Ń-Bọ̀ padà."

"Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń dán maíìkì wò."

"Kí n pa á rẹ́?"

Bàbá Ọdẹ nu òógùn ojú. "Ibi tí mo ti dárúkọ ilẹ̀kùn yẹn, yọ ọ́. Ibi àgbàlagbà náà, yọ ọ́. Kí ọdẹ sì rẹ́rìn-ín tó bá dìde."

"Àyè díẹ̀ wà kí afárá tó já. Ẹ wọlé."

Ó kọ́kọ́ yọ ṣíbí kúrò nínú báàgì, ó dì í mú, kó tó wọlé lọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí apá náà jáde, òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ jókòó wò ó. Ọdẹ kúnlẹ̀ lórí afárá. Obìnrin náà dá aṣọ kíká dúró.

"Bàbá wọn, ohùn ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ara yín mọ́ ilé ìwẹ̀ nìyẹn."

"Iṣẹ́ ni. Ẹ̀bùn ni."

Ọdẹ dìde, ó rẹ́rìn-ín, nǹkan kan sì dún kín-ín bí irin tó kan irin.

"Kí ló dún yẹn?"

"Ìbọn ẹ̀ ni."

"Ìbọn ẹ̀ ò ti bọ́ sódò látẹ̀ẹ̀kan?"

Bàbá Ọdẹ yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ fìlà, ó jáde, ó ti ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe kí àwọn ọmọ tó dé. Wọ́n dé lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀rín. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ sójú títì, wọ́n di ọwọ́ pọ̀, wọ́n figbe ta: "Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ṣàánú mi! Mi ò ní dẹ òmíràn mọ́!" Àwọn tó ń kọjá dúró. Àwọn tó wà nílé ṣí fèrèsé.

"Ẹ dákẹ́," Bàbá Ọdẹ wí. Wọn ò dákẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá tiwọn dọ́gba.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí.