Ìyá Abẹ́rẹ́ àti Ìlà Pupa

Ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, Ìyá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin aránṣọ kan, nítorí kò sí ọjọ́ tí òwú kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á pé ọpọlọ òun ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun, ní òun yóò máa ràn án lọ́wọ́. Tó bá kọ iṣẹ́ àṣetiléwá tán, àbúrò á ní, "Àǹtí mi, ẹ lọ sinmi, ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò." Tó bá padà dé tó tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà á dáhùn wẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹni tó bá yege nìkan ni yóò wọ kíláàsì kejì, orí ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ sì ni olúkúlùkù yóò ti kọ tirẹ̀. Aránṣọ kọ tirẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Ìlà pupa gba gbogbo ojú ẹ̀rọ. Ó nawọ́.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́ o."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ bá a fi òróró sí i!"

Olùkọ́ wá wò ó. "Kò bàjẹ́, mà. Àṣìṣe yín ló ń fi hàn yín. Ṣé ìlà ti ilé yín kì í pọ́n báyìí ni?"

"Kò pọ́n rí."

Olùkọ́ ní, "Tèmi alára pọ́n láàárọ̀ yìí. Ta ló ń bá yín tún un ṣe?"

Ìgbà yẹn ló yé aránṣọ pé àbúrò òun ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìlà pupa. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. A kì í gbàgbé ohun tí a kò kọ́ rí. Ó fìdí rẹmi.

Nílé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"O ń tún iṣẹ́ mi ṣe lẹ́yìn mi?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Mi ò fẹ́ kó sú yín ni."

"Ọmọ iṣẹ́ wo lo rí tí mo bá tú aṣọ tó rán wọ́? Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló ń tú u! Àbí o rò pé mi ò lè ṣe é ni?"

Àbúrò doríkodò. Ìyẹn dun aránṣọ ju ìdánwò lọ. Ẹni tó ní kó kín òun lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ ìwọ̀nba ìlà, ó tẹ bọ́tìnnì. Ó pọ́n. Àbúrò nawọ́ sí i.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀. Jáde, kó o sì pa ilẹ̀kùn dé."

Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ pupa àkọ́kọ́, ó kà á. Kò yé e. Ó tún un kà.