Orúnkún Alhaja àti fọ́ọ̀mù aago márùn-ún

Èmi tí mo kàwé lórí bí wọ́n ṣe ń darí ilé iṣẹ́, fọ́ọ̀mù ojú ewé kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ẹ̀mí mi lónìí.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ibi iṣẹ́ tí màmá mi, Alhaja, ti fẹ̀yìn tì máa ń gbà kí wọ́n yí inṣọ́ránsì ìlera wọn padà. Èyí tó máa tọ́jú orúnkún wọn la fẹ́ mú. Aago márùn-ún òní ló ń parí. Aago mẹ́rin ni mo ti dé ilé wọn ní Peckham.

"Mummy, wọ́n ní àìsàn wo ló ń ṣe yín?"

"Kò sí. Àlàáfíà ni mo wà, alhamdulillahi."

"Orúnkún yín ńkọ́?"

"Orúnkún ọ̀tá mi ni!"

Ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn sì nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn o.

"Mummy, ohun tẹ́ ò bá sọ, wọn ò ní tọ́jú ẹ̀."

"Tí mo bá pe àìsàn, tó bá wá dá mi lóhùn ńkọ́?"

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n kọjú sí fèrèsé.

"Ìwọ kọ ọ́. Ẹnu tèmi ò sí níbẹ̀."

Mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́. Alhaja dìde láti lọ kírun.

"Yéè! Orúnkún mi o!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ìyá yìí nílé, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?