Àmì Kan Tí Mo Pa Rẹ́

Kékeré ni mo wà, ní Gwarinpa, nígbà tí àpótí kan tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà sára ògiri gbà mí lọ́kàn. Èmi àti Ṣẹ́gun ẹ̀gbọ́n mi la máa ń pọnmi kí a tó mu ògì pẹ̀lú àkàrà. Ó ní òun yára jù mí lọ, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún péré lọ tó sì bọ̀. A jà débi pé Mọ́mì ní kí a kúnlẹ̀, kí a nawọ́ sókè.

Tíṣà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló gbà wá sílẹ̀. Ó ní kí n kọ ìṣẹ́jú mi sílẹ̀ fún àárọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí n wá tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù. Ìkẹjọ ló wà láàárín gan-an: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó fi ṣọ́ọ̀kì tò wọ́n sára ògiri, ó fa ilà sí ìkẹjọ, ó ya àpótí yí ìdajì tó wà láàárín ká, ó sì na ìrù kan sósì, òmíràn sọ́tùn-ún. Ọjọ́ tí tánkì tí a ti ń pọnmi gbẹ, tí mo pẹ́ gan-an, jìnnà jù sí ìyókù: kò sí nínú àpótí, kò sí lórí ìrù. Àmì kan ṣoṣo ló jẹ́ lọ́hùn-ún. Ó ní, "Àmì tó dá wà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀."

Láti ìgbà náà, kò sóhun tí n kò ya ní àpótí: iye dòdò inú abọ́, ìgbà tí Dádì ń dé láti Apo, níbi tó ti ń tún mọ́tò ṣe. Mọ́mì á rẹ́rìn-ín: "Ìyá oníṣirò, àpótí rẹ ò mà ní ìdérí."

Nígbà tí dókítà ní kí Mọ́mì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láràárọ̀, èmi ni mo gba bírò. Àpótí rẹ̀ ṣe kóńkó, kò gùn. Ṣùgbọ́n àmì kan dá wà réré lápá ọ̀tún, ti àárọ̀ kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gan-an. Dádì wò ó títí. "Pa á rẹ́. A kì í fọwọ́ ara ẹni kọ ibi sára ìyá ẹni."

Mo mọ̀ pé kò yẹ. Mo pa á rẹ́. Dókítà rí ìwé mi tó mọ́ tónítóní, ó yìn mí, ó ní kí oògùn wà bó ṣe wà. Kí oṣù náà tó parí, Mọ́mì ṣubú ní ìdáná, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ohùn rẹ̀ sì lọ. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ì bá sàn ká ní wọ́n ní kí n kúnlẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, láyé ìgbà yẹn, omi ò sí nínú ilé, ṣùgbọ́n ohùn Mọ́mì ń lé wa pé ká yára. Lónìí omi ń yọ, ohùn ni kò sí. Èmi ni mo ń di Mọ́mì mú láti orí ibùsùn dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo sì ń ka ìṣẹ́jú. Lọ́dún tó kọjá, iye àárín jẹ́ mọ́kànlá; ní àárọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìkẹyìn yìí, ó ti di mẹ́rìnlá. Ti òní dá wà lọ́hùn-ún. Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Kò lè fèsì. Mo fi àmì náà síbẹ̀, n kò pa á rẹ́: ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.