Ìfófòó Nílé Àna Mi

Bí fóònù bá dún láàárọ̀ Sátidé, ìyàwó mi kì í wò mí lójú. Ó mọ̀ pé bàbá òun ni, ó sì mọ̀ pé n kò ní lè kọ̀. Ta ní ń kọ̀ fún àna rẹ̀?

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ń gbé. Ọ̀yọ́ ni èmi ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Láti ìgbà tí ìyá ìyàwó mi ti dolóògbé, bàbá nìkan ló kù nínú ilé ńlá wọn. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun wá fi ẹ̀rọ bíà ránṣẹ́: fíríìjì kan tí àgbá bíà wà nínú rẹ̀, tí gáàsì ń ti ọtí gba inú rọ́bà jáde sí ẹnu ẹ̀rọ lókè. Ó rò pé àwọn ọ̀rẹ́ bàbá á máa wá bá wọn ṣeré. Àmọ́ ìfófòó ni ẹ̀rọ náà ń tú jáde. Ife á kún bí ẹni po omi ọṣẹ, bíà tó wà nísàlẹ̀ kò ní tó ẹnu kan.

Nítorí pé mo tún fíríìjì wọn ṣe rí, èmi ni wọ́n sọ di mẹkáníìkì. Ìjọ Aládùúrà ni mò ń lọ, n kì í mutí. Síbẹ̀, Sátidé lórí Sátidé, ara mi á máa rùn bíà tí n kò tọ́ wò.

Lọ́jọ́ kan, mo pinnu nínú ọkọ̀ pé màá ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Mo dé, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá fi àwọn ìbejì wa pè mí:

"Bàbá Ìbejì, o káre. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o."

Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Iná ti lọ, bíà ti gbóná. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo jẹ́ kí àgbá náà sinmi kó tutù. Mo tú ẹnu ẹ̀rọ, mo fọ ìdọ̀tí tó dì sínú rẹ̀. Mo dín gáàsì kù. Mo yọ rọ́bà kúkúrú tó wà níbẹ̀, mo fi èyí tó gùn rọ́pò rẹ̀, mo ká a sínú fíríìjì kí òun náà lè tutù, kí ọtí má baà máa sáré jáde. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo tẹ ife sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ tán pátá. Bíà dà, ó mọ́ kedere, ìfófòó tín-ínrín bò ó lórí.

Bàbá pàtẹ́wọ́. Mo rò pé mo ti bọ́.

"Ẹ pe àwọn ọ̀rẹ́ yín báyìí, sà."

Wọ́n wo ife náà títí. "Àwọn wo? Ọ̀kan ti kú. Dókítà ti ní kí èkejì má mutí mọ́." Wọ́n fa àga sún mọ́ mi. "Jókòó tì mí. Ta ni mo tún ní?"

Mo jókòó. Wọ́n mu bíà, mo mu omi. Wọ́n sọ bí òjò ṣe ká àwọn àti ìyá ìyàwó mi mọ́ abẹ́ ìsọ̀ alálùbọ́sà kan ní Sábó, kí wọ́n tó mọra. N kò gbọ́ ìtàn náà rí, ó sì dùn. Síbẹ̀ mò ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Nígbà tí mo dìde, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Sátidé tó ń bọ̀, tètè dé."

"Ẹ̀rọ náà kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́, sà."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí, wọn kò sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo gbìyànjú láti bínú nínú ọkọ̀, kò ṣeé ṣe. Títí dòní, mo ṣì ń lọ ní Sátidé.