Ìtàn Lọ́rí tí A Búra Pé A Ò Ní Sọ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n rò fún yín bí ìlàjà tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ṣe padà wá bá mi. Ó ti pẹ́, ìgbà ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní rẹ́fólúṣọ̀n ni, nígbà tí tọmọdé tàgbà ń pe ara wọn ní kamaráàdì ní Ouaga, olú ìlú Burkina Faso. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń rẹ̀ mí tí mo bá rántí.

Èmi ni wọ́n máa ń pè bí àwa Yorùbá àdúgbò Bilbalogo ní Ouaga bá ń jà. Tọkọtaya o, ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí o, èmi náà ni. Mi ò wá iṣẹ́ yẹn lọ, ẹ gbà mí gbọ́.

Èyí tó le jù ni ti ilé Alhaji Súlè àti ilé Ìyá Sáfù. Nígbà tí Ghana lé wa, lọ́rí kan náà ló kó gbogbo wa kúrò ní Kumasi. Ẹrù pọ̀ jù, lọ́rí ò lè rìn mọ́, ni a bá fi ìyá tó bí Ìyá Sáfù sílẹ̀ ní Tamale. Ibẹ̀ ni màmá kú sí. Ìyá Sáfù ní Alhaji ló lé ìyá òun sọ̀kalẹ̀ kí ìdì aṣọ tirẹ̀ lè ráàyè. Alhaji ní irọ́ ni, màmá fúnra rẹ̀ ló ní òun ò lọ mọ́.

Báwo ni mo ṣe parí ẹ̀? Bí a ṣe máa ń parí ẹ̀ láàárín ara wa náà ni. Mo kó wọn jọ sí pálọ̀ mi, wọ́n gbọ́wọ́ lé Kùránì, wọ́n búra pé ẹnikẹ́ni ò ní dárúkọ lọ́rí yẹn mọ́ láéláé. A pín obì. Gbogbo ènìyàn ní kú iṣẹ́.

Ó tó ọdún mélòó kan, ni mètírẹ́sì, obìnrin Mossi, ọmọ onílẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé, bá ní kí kálukú lọ bèèrè nílé bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe dé Ouaga, kó sì kọ ọ́ wá. Ṣé àwọn ọmọ búra ni? Àwọn àgbà tó búra fún mi ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí wọn létí, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ọmọ Alhaji ka tirẹ̀ síta. Sáfù ka tirẹ̀. Kí mètírẹ́sì tó dìde, wọ́n ti wọ̀yá ìjà, eyín Sáfù kan ti yọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alhaji wá bá mi. Ìyá Sáfù náà wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnu àwọn méjèèjì máa kò nìyẹn: kí n lọ sọ fún mètírẹ́sì kó jáwọ́ nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní d'accord, ó dáa. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Mo gun moto, alùpùpù mi, lọ sílé ìwé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mètírẹ́sì ò bá mi jà. Ó ní bí mo bá ní kí òun dákẹ́, òun á dákẹ́, ṣùgbọ́n kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ fúnra mi. Ni Sáfù bá fi ẹnu wíwú bi mí pé nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, èwo ni òtítọ́.

Ó sú mi. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ìbúra yẹn, èmi gan-an ló bò láṣìírí. Èmi ni mo di màmá lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rí, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń sùn láàárín ẹrù.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Alhaji kọ̀ láti já ẹrù rẹ̀, òtítọ́ ni. Màmá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun á dúró, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo wa ti dákẹ́ tí a ń wò ó. Mo wá ní kí mètírẹ́sì máa kọ́ wọn lọ, tọ̀tún tòsì, kó má fi ọ̀kan pa mọ́. Ó ní barka, ìyẹn ẹ ṣé lédè Mossi.

Alhaji ò dá mi lóhùn mọ́ títí tó fi kó lọ sí ìlú Bobo. Wọ́n ò sì pè mí sí ìlàjà mọ́. Ká má parọ́, mo sinmi díẹ̀.

Ìyá Sáfù yàn mí lódì fún ọjọ́ mẹ́jọ. Nígbà tó wá, kò jókòó. Ó bi mí ohun tí ìyá òun sọ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Mo ní ó ní kí n fún ọmọ òun lómi mu lọ́nà, pé kò tíì mu nǹkan kan láti àárọ̀. Ó sunkún lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun rò pé ìyá òun bínú sí òun ni?

Mi ò mọ̀. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀, nígbà tó jẹ́ èmi ni mo ní kó panu mọ́?

Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Ìjà tí àgbà bá fi ìdákẹ́jẹ́ parí, àwọn ọmọ ló máa jà á. Ẹ kọ́ wọn, kí ẹ sì kọ́ wọn bó ṣe rí lójú ẹni méjèèjì. Ilé tiyín ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ, ta ló sì ń jìyà rẹ̀? Ẹ sọ tiyín, mo ń gbọ́.