Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pe Ọkọ̀ Náà ní Bẹyẹrúnkà

Òkùnkùn ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìdùnnú kò sì jẹ́ kí n rántí pé orúnkún ń dùn mí. Ọkọ̀ ni mo ń lọ rà. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń tọ́jú owó fún un, kì í ṣe nítorí ara mi bí kò ṣe nítorí Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi, agbẹ̀bí tí wọ́n gbé lọ sí abúlé. Ọ̀kadà ló ń gùn lọ gbẹ̀bí, ó sì ti ṣubú lórí rẹ̀ rí. Mo ti pinnu pé kò ní tún ṣubú mọ́.

Ọkọ̀ tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ wà ní agbo ilé ọkọ mi tó ti dolóògbé, ní Bẹyẹrúnkà, nínú Ìbàdàn àtijọ́. Àbúrò ọkọ mi ló fẹ́ tà á. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, kì í sì í ṣe nítorí àánú. Wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, aya ilé kì í sì í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Eyínmẹ́nugún ni mo sọ ọ́ nígbà náà, nítorí pé eyín rẹ̀ gún régé. Eyín kan náà ló fi rẹ́rìn-ín sí mi nígbà tó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ Pijó ọkọ mi lọ́wọ́ mi, kí a tó ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ òkú rẹ̀. Gbogbo agbo ilé rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. N kò gbàgbé.

Ẹ lè béèrè ohun tó tún gbé mi padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kòrólà ni ọkọ̀ náà, iye tó dá lé e kò ga bíi ti àwọn tó ń ta ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì sọ fún mi lórí fóònù pé òun nìkan ló ti ń lò ó, pé kò ṣe ìjàǹbá rí, pé ó ń lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Kí n sọ òótọ́, mo tún fẹ́ rí ojú rẹ̀ bí mo bá ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni mo san dé Ìbàdàn. Ẹ mọ ọ̀nà wa sí Ọ̀yọ́: níbi tó dára, ó tẹ́jú bí ẹní, níbi tó burú, awakọ̀ á fi ọ̀dà sílẹ̀, á máa wá ọ̀nà láàrin koríko. Iwájú ni mo jókòó sí, mo sì sọ ohun tí mo ń lọ ṣe fún awakọ̀.

Ó ní, “Màmá, ẹ ṣọ́ra o. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ dà bí ẹni tó ń fọmọ fọ́kọ. Kò ní sọ fún yín pé ọmọ òun ń jalè.”

“Ta ló máa wá sọ fún mi?”

“Àwọn ará ilé ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni wọ́n máa ń sọ ọ́.”

A rẹ́rìn-ín dé Ọ̀yọ́. Mo ra wàrà níbẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán kí a tó kúrò.

Ní Ọ̀jọ́ọ̀ mo wọ Máíkírà lọ sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀kadà ló ń gbé èrò káàkiri ìgboro. Ní Ìbàdàn, Máíkírà ni, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ṣe tákísí, tí èèyàn méjì ń há ara wọn mọ́ ìjókòó kan níwájú. Mo san owó èèyàn méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó lé mi nítan. Láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ mo fẹsẹ̀ rìn kọjá lábẹ́ òkè Mápó lọ sí Ọjà'ba, mo ra obì. Aya ilé kì í wọlé lọ́wọ́ òfo, bó ti wù kí inú rẹ̀ korò tó. Ọ̀kadà ló gbé mi dé Bẹyẹrúnkà.

Mo rí ọkọ̀ náà kí n tó rí ẹni tó ni ín. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ọkọ mi níwájú ilé, ó pupa, ó ń dán. Wọ́n sá ẹ̀gúsí sórí sàréè náà. Inú mi ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n rán aṣọ ọdún fún.

Eyínmẹ́nugún jáde, ó ń tiro díẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, ìyàwó wa. Ẹ ò tilẹ̀ darúgbó.”

“Ojú yín ni ò ríran mọ́, ọkọ mi Eyínmẹ́nugún.”

“Eyín wo? Ó ku mélòó?”

Ó gbé pátíkúlà ọkọ̀ jáde, ìyẹn àwọn ìwé rẹ̀. Mo wọ awò ojú mi. Ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ni mo wá lọ, mo sì tò wọ́n lọ́dún-lọ́dún bí mo ṣe máa ń to àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sórí ìlà. Ọdún méjì ni kò wá sílé ẹ̀kọ́.

“Ọkọ mi, àwọn ọdún wọ̀nyí dà?”

“Mẹ́kà ni mo lọ.”

“Ọdún méjì gbáko?”

“Nígbà tí mo dé, ara mi ò yá. Mo fi tapólì bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí kò rìn, kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lára ẹ̀?”

Èsì náà bọ́gbọ́n mu, ó sì dùn mí pé ó bọ́gbọ́n mu. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ṣíná sí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn wẹ́rẹ́. Mo ń rí Fúnmi níbẹ̀ pẹ̀lú àpò iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti fẹ́ gbà.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí àwọn ìyálé mi.”

“Ẹ má ṣe wàhálà. Wọ́n ti lọ sọ́jà.”

Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wọlé.

Ìyá Sàlá, tó dàgbà jù nínú àwọn aya ilé, ń bó ẹ̀gúsí pẹ̀lú àwọn ìyàwó méjì. Mo kúnlẹ̀, mo gbé obì kalẹ̀.

“Ìyàwó tíṣà,” ni Ìyá Sàlá wí, “o ò tíì kú?”

“Ẹ̀yin náà ò tíì kú, mà.”

“A ń retí ara wa.”

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ní, “Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ ra Kòkúmọ́.” Ekejì fi ìgúnpá gbún un.

Mo béèrè ohun tó ń jẹ́ Kòkúmọ́.

“Ọkọ̀ Eyínmẹ́nugún ni,” ni Ìyá Sàlá dáhùn. “Àbí o ti gbàgbé ilé yìí? Ohun tó bá wọlé, àwa la ń sọ ọ́ lórúkọ.”

Lọ́dọ̀ wa, èèyàn ni aya ilé ń fún lórúkọ. Ní Bẹyẹrúnkà, wọ́n ń fún ewúrẹ́ àti ẹ̀rọ ìlọta pẹ̀lú. Ẹ sì mọ ẹni tí à ń sọ ní Kòkúmọ́: ọmọ tó ti kú rí, tó padà wá. Mo sọ fún wọn pé Fúnmi ló máa wà á, mo sì ní kí Ìyá Sàlá sọ ikú tí ọkọ̀ náà kú fún mi.

Ó ní ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú ló ti takìtì wọ kòtò, ibẹ̀ ni Eyínmẹ́nugún ti mú ẹsẹ̀ títiro bọ̀. Ọkọ̀ náà pẹ́ títí lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Iwájú nìkan ni tirẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n jó mọ́ ọn.

“Bó bá ń rọra lọ láàrin ìlú, kò burú,” ni Ìyá Sàlá wí. “Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í gbé e kọjá Òkè Padre nítòsí ibí yìí.”

Mo fojú inú rí i: Ọ̀nà abúlé, kòtò lórí kòtò, ọmọ mi nínú ọkọ̀ tó jẹ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni ayọ̀ gbà mí lọ́kàn, n kò ní purọ́. Ọwọ́ mi ti tẹ ẹ́.

Mo jáde, mo ní kí Eyínmẹ́nugún ṣí búùtù. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ojú àpá irin jíjó wà níbẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì.

“Ọkọ mi, ṣé Mẹ́kà nìyí?”

Ìyá Sàlá ti tẹ̀ lé mi jáde. Ó bi Eyínmẹ́nugún pé, “Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ lo fẹ́ tì sínú ẹ̀?”

“N kò mọ̀ pé Fúnmi ló máa wà á. Ìyàwó wa ní àwọn fẹ́ ra ọkọ̀ ni.”

“Èmi wá ni kí n kú?” ni mo bi í.

Kò wò mí. Sàréè ló ń wò. Mo ti tọ́jú ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ yìí wá, mo ti gé e, mo ti tún un ṣe. Mo la ẹnu. “Pijó ọkọ mi tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi…”

“Tìyàwó?” ni Ìyá Sàlá wí.

“Kí lẹ pè é, mà?”

“Orúkọ tí a sọ Pijó náà nìyẹn, lọ́jọ́ tó gbà á gan-an. Bó bá ń jáde láàárọ̀, a ó ní, ‘Ọkọ wa, ẹ rọra wa Tìyàwó o.’ Bó bá dé, ‘Ṣé Tìyàwó ò dà yín láàmú?’ Títí ó fi dípẹtà.”

“Wọn ò jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ lọ́jọ́ kan,” ni Eyínmẹ́nugún wí.

Ọ̀rọ̀ tí mo tọ́jú fò lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò pé àwọn aya ilé dákẹ́ ni.

Mo padà sílé pẹ̀lú owó mi. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, ẹ ka ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, kí ẹ wá ọdún tí kò sí níbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá sì ní agbo ilé, ẹ ra obì dání, kí ẹ kúnlẹ̀ fún àwọn obìnrin ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó. N kò dárí ji Eyínmẹ́nugún. Ṣùgbọ́n agbo ilé yẹn kò sí nínú ẹjọ́ náà mọ́.

Fúnmi ti dé láti abúlé, ó ń dúró dè mí lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn mi.

“Ọkọ̀ dà, Màmá?”

“Ó ti kú kí n tó débẹ̀. A ó wá òmíràn.”

Ó gba àpò lọ́wọ́ mi. “Kí la máa wá sọ ìyẹn?”

Mo ní kó má ṣèyọnu, orúkọ ti wà nílẹ̀: Tìyàwó.