Àmín Tí Mo Ṣe ní Tẹ́ḿpìlì Chinatown

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Chinatown lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àmọ́ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ni mo ń rín o.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa tó máa ń lọ wo ibi àtijọ́ kiri New York. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní a máa lọ sí àwọn tẹ́ḿpìlì àwọn ará Ṣáínà ní Manhattan ní Sátidé. Tó bá di ọ̀sán Sunday, a máa wọ ferry lọ sí Staten Island, níbi tí ọgbà kan wà tí wọ́n ṣe bíi ti àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ ní Ṣáínà. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀ kí n tó rántí pé mo ní ìyá.

Ẹ ò mọ màmá mi. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, àwọn náà ló ń darí ẹgbẹ́ àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Castle Hill. Wọn ò jẹ́ kí n bá ẹgbẹ́ kankan jáde rí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé Amẹ́ríkà máa gba ọmọ mọ́ wọn lọ́wọ́, kí n di ẹni tí ò mọ àgbà, tí ò mọ Ọlọ́run. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà, àmọ́ wọ́n kìlọ̀: "Tómi, ojú ni kó o fi wo ère o. Tí mo bá gbọ́ pé o tẹrí ba fún nǹkan kan níbẹ̀, o ò tún bá ẹnikẹ́ni jáde mọ́ títí wàá fi gboyè."

Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Tẹ́ḿpìlì tí a kọ́kọ́ wọ̀ ò tóbi. Àárín ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja àti ibi tí wọ́n ti ń gẹ irun ló há sí. Nínú rẹ̀, gbogbo nǹkan pupa, wúrà ń dán lára ère, tùràrí ń rú. Mei, ọ̀rẹ́ mi tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ṣáínà, ń ṣàlàyé fún wa. Èmi káwọ́ sẹ́yìn, mo ń fi ojú wo nǹkan bí màmá mi ṣe wí. Mo ń gbádùn ara mi, mi ò ní parọ́.

Àfi bí ìyá arúgbó kan ṣe dìde lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère. Wọ́n rọra wá bá mi, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì na súìtì kan sí mi. Ẹ sọ fún mi, kí ni orúnkún ọmọ Yorùbá máa ń ṣe nírú ìgbà bẹ́ẹ̀? Kí n tó mọ̀, mo ti kúnlẹ̀. Ère sì wà lẹ́yìn ìyá náà gan-an.

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Àmọ́ ohùn yẹn jọ ohùn tí ìyá bàbá mi fi máa ń wúre fún mi, ni mo bá ń dáhùn: àmín, àmín. Mei ń ya fídíò.

Ta ló rán mi níṣẹ́ tí mo gbé fídíò náà sórí status WhatsApp? Mo gbàgbé pé màmá mi kì í fo status mi. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, fóònù lọ́wọ́. Wọn ò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo ṣàlàyé pé ìyá arúgbó ni mo kí, kì í ṣe ère. Wọ́n ní ojú àwọn ò fọ́, àwọn rí ìyá náà. "Mo gba ti ìkúnlẹ̀. Àmín ńkọ́? Kí lo ṣe àmín sí?"

Mo ní ó jọ àdúrà létí mi, mà.

"Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi ẹ́ jìn fún òrìṣà wọn ńkọ́? O ò mọ ohun tí wọ́n wí, o la ẹnu, o gbà á." Wọ́n ní kí n pe Mei, torí àwọn ò lè sùn lórí àmín tí àwọn ò mọ ìdí ẹ̀. Tó bá rí bí àwọn ṣe rò ó, ọ̀rọ̀ Staten Island tán, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà tán.

Mo pè é, mo fi fóònù sí speaker. Mei ní òun gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní ohun tí ìyá náà kọ́kọ́ béèrè ni bóyá mo ti jẹun. Màmá mi gbójú sókè. Mei ní lẹ́yìn náà ni ìyá náà sọ pé ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́ ilé, pé ó ti pẹ́ tí ọmọdé ti kí àwọn báyẹn ní ìlú yìí, àwọn ọmọ-ọmọ àwọn gan-an kì í ṣe é. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ìyá tó tọ́ mi, pé ó kú iṣẹ́.

Màmá mi bọ́ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n wá fi nu ojú náà. Inú wọn dùn, mo rí i. Lẹ́yìn náà, èmi ni wọ́n kọjú sí: "Ìyá àgbà fún ẹ ní súìtì, o wá kúrò lọ́dọ̀ wọn láìfún wọn ní nǹkan kan. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

Ní Sunday, bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe parí, àwọn fúnra wọn ló ń lé mi jáde kí ferry má bàa já mi sílẹ̀. Ọgbà náà dára, omi, òkúta, afárá tó ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Mo fara balẹ̀ wò ó bí ẹni tí ìyá ẹ̀ fọkàn tán.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òótọ́ ni pé ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó ń ṣe àmín sí. Àmọ́ gbogbo ọdún tí màmá mi fi ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ ilé ti bọ́ lára mi, àjèjì ló padà bá wọn rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ibo ni orúnkún tiyín ti ṣáájú ọgbọ́n orí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màmá mi náà ń kà á.